Ìyá Tó Wà Láàrin Ejò

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin tí a jọ tò sórí ìlà yìí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Àwọn kan ní àlá burúkú, téèyàn bá ti sọ ọ́ síta kí oòrùn tó mú, kì í ṣẹ mọ́. Àwọn mìíràn ní ìgbà téèyàn bá sọ ọ́ gan-an ló ń ṣẹ. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yẹn kò tíì ṣí, Ìyá Ìdáyàtù tó wà níwájú mi sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ni mò ń kà lábẹ́ ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jáde láti inú lọ́hùn-ún, ẹ fọwọ́ kàn mí, màá dákẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Jìmọ̀ ni mí, Jìmọ̀ ilé ìgò. Ilé gígùn tó wà lẹ́yìn pátápátá yẹn ni ilé ìgò, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹran inú igbó sí nínú ìgò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò wọ́n. Èmi ni mò ń bu sípíríìtì sí wọn kí wọ́n má baà rà. Èmi ni mò ń nu ìgò. Èmi náà ni mò ń kọ ìwé àlẹ̀mọ́ tó ń wà lára ìgò, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Lẹ́tà tí wọ́n fún mi nígbà tí mo wọṣẹ́, "fún oṣù mẹ́ta" ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún mi ní òmíràn. Kò sì sẹ́ni tó lé mi.

Ẹ̀yin náà ti ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní lónìí, oníkálukú á wọlé, wọn á wò ó nínú rẹ́jísítà bóyá pẹ́mánẹ́ǹtì ni tàbí kásúà. Pẹ́mánẹ́ǹtì á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kásúà á gba ìwé tuntun. Ẹni tí wọn ò bá rí ibi tí wọ́n máa kà á sí á máa lọ sílé. Èmi, mi ò mọ ibi tí wọ́n máa kà mí sí. Ohun tí mo gbé sùn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé inú àlá, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀.

Ní ọdún tí mo wọṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbèmí mú mi lọ sí àbàtà ẹ̀yìn oko kòkó, pé ká lọ wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí mo ṣe ń wa ilẹ̀, ọkọ́ mi hú nǹkan kan síta. Ó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Kò lẹ́sẹ̀. Kò lójú téèyàn lè rí. Ara rẹ̀ ń dán, ó ṣe òrùka òrùka láti orí dé ìdí, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín há ara wọn. Ó ká jọ. Nílé wa, ohun tí kò lẹ́sẹ̀ tó bá ti inú ilẹ̀ jáde, a kì í bi í pé ọmọ ta ni ọ́ ká tó lù ú. Mo gbé ọkọ́ sókè, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó tú ká ni mo rí àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n funfun, wọ́n tín-ín-rín bí òwú. Wọn ò sá. Wọ́n padà sára rẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu bó awọ ara rẹ̀ jẹ. Ó ti kú, wọ́n ṣì ń jẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá mi wí. Ó kàn jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó ní, "Jìmọ̀, kì í ṣe ejò. Kì í ṣe ekòló. Ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ ló ti wá. Abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ló gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn, láti ìgbà ìwáṣẹ̀." Ó ní awọ ara ìyá ni oúnjẹ àwọn ọmọ náà. Awọ ọ̀hún á nípọn, á lọ́ràá, wọn á bó o jẹ, òmíràn á tún hù. Ó pe orúkọ rẹ̀, orúkọ gígùn kan tí ẹnu mi ò gbà. Ní Yorùbá, mi ò tíì bá ẹni tó mọ orúkọ tó ń jẹ́ pàdé.

A gbé ìyá wá sí ilé ìgò, a fi í sínú ìgò. Àwọn ọmọ, a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n rìnrìn àjò, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá Ṣówándé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló mú rẹ́jísítà àwọn ìgò jáde. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá sín, gbogbo wa la máa ń tọrọ àforíjì. Ó nawọ́ sí ìgò náà, ó ní, "Kí lèyí?" Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ mi o, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni mí, tí màá sọ fún ọ̀gá pé ohun tó jọ ejò tó báyìí, ẹbí ọ̀pọ̀lọ́ ni? Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ejò ni, sà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá sì ti wọ rẹ́jísítà, kò ṣeé pa rẹ́ láìsí lẹ́tà. Bí mo ṣe gbé e sórí pẹpẹ ejò nìyẹn, láàrin oká àti paramọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di àárọ̀ yìí.

Ó ku ẹyọ kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. A ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ kan. Ohun tí wọn ò bá tíì mọ ìdílé rẹ̀, ibẹ̀ la ń gbé e sí, a ó sì kọ "Dúró ná" sí i lára. Àwọn kan ti ń dúró níbẹ̀ kí n tó wọṣẹ́. Lánàá, mo gé ìwé àlẹ̀mọ́ wálé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń kọ "Dúró ná," "Dúró ná," bí ogójì, torí iṣẹ́ ni mo fi ń gbàgbé ìyẹ̀wò. Orí wọn ni oorun gbé mi lọ.

Àlá náà wá rèé.

Mo wà nínú ilé ìgò, mò ń nu ìgò. Oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n láti abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ràn bọ̀. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Mo ní ó kúkú dára, ìdí ìgò á hàn dáadáa. Ibi tí mo ti ń nù ún ni mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ìgò láti inú. Kò, kò, kò. Mo gbójú sókè. Ìyá yẹn ni. Ó na ìwo kékeré kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, bí ìwo ìgbín, òun ló fi ń kan ìgò.

"Jìmọ̀," ló wí, "ṣí ìdérí yìí fún mi."

"Ẹ káàárọ̀ mà." Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, torí ìgò tó wà lọ́wọ́ mi.

"Káàárọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún."

Oká tó wà nínú ìgò kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n wa tí kò ní ìpẹ́! Ejò wo ni ara rẹ̀ ń tutù bí ìdí àmù?"

"Kò ní oró, kò ní ìpẹ́, kò lójú," ni paramọ́lẹ̀ wí. "Kí ló wá ní?"

"Ó ní ìwé àlẹ̀mọ́," ni òjòlá dá a lóhùn. "Ẹni tó bá ti ní ìwé, tiwa ni. Ẹ fún un láyè kó jókòó, ọmọ aláìlójú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìfófòó fi kún inú ìgò wọn.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan tí ojú mi ń rí, ojú tí mi ò ní?" ni ìyá wí. "Wọ́n máa yẹ̀ wá wò lónìí. Ejò tí kò bá ní ìpẹ́, wọn á dà á sínú kòtò ẹ̀yìn ilé. Mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Sọ fún wọn pé ẹbí ọ̀pọ̀lọ́ ni mí."

"Èmi náà ní ìyẹ̀wò lónìí mà."

"Ṣé o rí i pé a jọ ń lọ ni? Ìwọ á jẹ́rìí mi, èmi náà á jẹ́rìí rẹ. Ta ló tún mọ̀ pé ò ń ṣiṣẹ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ aṣọ ìnugò rẹ lára ìgò mi, ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sí ọjọ́ tó fò."

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ṣí ìdérí. Ó wọ́ jáde, ó sì ká ara rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ mi bí aago. Mo wò ó, mo bi í pé aago mélòó ló lù. Ó ní, "Ó ti pẹ́." Gbogbo ìgbà tí mo bá tún wò ó, ohun tó ń wí náà nìyẹn. Ó ti pẹ́.

Bí mo ṣe jáde nínú ilé ìgò, inú àbàtà ni mo já sí. Ọ́fíìsì ìyẹ̀wò wà lókè omi. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ó léfòó sínú afẹ́fẹ́, lókè àbàtà, pẹrẹsẹ bí ewé òṣíbàtà. Wọ́n fi okùn fáìlì so ó mọ́ igi kòkó kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń da ìsàlẹ̀ ife sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò sí àkàsọ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló dá dúró sínú ẹrẹ̀, láìsí ògiri.

Mo kí ilẹ̀kùn. Mo bi í pé báwo la ṣe ń gòkè.

"Ẹni tó bá fẹ́ gòkè, kó wa ilẹ̀," ni ilẹ̀kùn wí. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í wọ ibí. Ihò náà kò fẹ̀."

"Yọ wọ́n," ni ìyá wí lọ́wọ́ mi.

Mo jókòó. Mo yí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tú bí ìdérí ìgò. Mo yí tòsì, ìyẹn le díẹ̀ nítorí làkúrègbé. Mo fi méjèèjì kọ́ ara ọgbà kan tó wà níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn sá ṣòkòtò. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Ṣé ẹ ò ní í pẹ́?" ni ẹsẹ̀ ọ̀tún bi mí.

"Mi ò mọ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni lọ o."

"Àwa náà ní ìyẹ̀wò lónìí," ni tòsì wí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Mo dojú kọ ilẹ̀. Mo ní kí n sọ nǹkan tó máa fún ara mi lókun. Mo ní, "Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un."

"Ekòló nìyẹn," ni ìyá dáhùn. "Èmi kì í júbà. Orí ni mo fi ń wọlé. Tẹ̀ lé mi."

A wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, títí tí orí wa fi yọ láàrin ọ́fíìsì lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n kàn ní ká má tẹ ẹrẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Àdán kan ló wà lórí ìlà níwájú wa. Ó so kọ́ abẹ́ àga, ó dorí kodò, ó di fáìlì mọ́ àyà.

"Ẹ̀yin lẹ kàn lẹ́yìn mi," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí. Wọ́n ní mi ò ṣeku, mi ò ṣẹyẹ. Wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ eku. Eku ní kí n lọ bá ẹyẹ."

"Ẹyẹ wá ńkọ́?"

"Ẹyẹ ti lọ fún ìsinmi."

Mo kí i kú ìrọ́jú. Màdáámù kan wà nídìí tábìlì, awò lójú, gèlè lórí, rẹ́jísítà ńlá níwájú rẹ̀. Òǹtẹ̀ kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó.

"Kí lèyí?" Màdáámù nawọ́ bírò sí ọwọ́ mi.

"Èmi ni," ni ìyá wí.

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun tí a ń yẹ̀ wò kì í dáhùn. Ẹsẹ̀ mélòó?"

"Kò sí, mà," ni mo wí.

"Kò lẹ́sẹ̀. Ejò nìyẹn."

"Kò ní ìpẹ́, mà."

"Ekòló nígbà náà."

"Ó ní egungun, mà. Ó ní eyín."

Màdáámù bọ́ awò rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ wá fi mí ṣeré ni? Ẹ ní kò lẹ́sẹ̀, kò ní ìpẹ́, ó ní eyín. Ó wá jẹ́ kí ni? Àbí ọ̀pọ̀lọ́ ni? Ṣé ó ń fò?"

"Ẹbí ọ̀pọ̀lọ́ ni mí," ni ìyá wí. "Ara wa tutù bákan náà. Àwọn ń fò, àwa ń wọlẹ̀. Ṣé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ìyá yín ń ṣe ni?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n Màdáámù, funfun, tín-ín-rín. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí kò dáa kéèyàn máa wo irùngbọ̀n obìnrin. Nígbà tí mo máa tún wò ó, ìwo méjì ti gbé gèlè rẹ̀ sókè. Ó fa ojú ìwé kan ya nínú rẹ́jísítà, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wò mí pẹ̀lú ojú tó pọ́n bí ìyeyè. Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, torí kò fi omi ẹnu ba nǹkan mìíràn jẹ́.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Lẹ́tà dà?"

"Kò sí lẹ́tà, mà."

Òǹtẹ̀ wú ikọ́ tán, ó ní, "Ó wà nínú òfin. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ejò ni, bó bá lè wá síbí kó sọ pé irọ́ lòun pa, a ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ fún rẹ́jísítà, wọ́n á ti fáìlì tirẹ̀ náà pa. Ẹ má bínú sí mi o. Ibi tí wọ́n bá gbé mi lé ni mò ń sọ."

Ìyá tún ká mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó tutù. Mo gbọ́ ọkàn mi tó ń lù lára rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Ṣówándé ló wọlé. Òun ti di òbúkọ tán ní tiẹ̀, ó so táì mọ́rùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó nawọ́ pátákò sí mi. "Kí lèyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ẹbí ọ̀pọ̀lọ́ ni, sà. Èmi ni mo parọ́, sà. Mo kà á wò lórí ahọ́n mi, ó pé, kò ku ẹyọ kan. Mo la ẹnu.

"Ejò ni, sà."

Àdán mí kanlẹ̀, bó ti dorí kodò yẹn.

"Ẹ forí jì mí, mà," ni mo sọ sí ọwọ́ mi.

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ọkọ́ ọjọ́ yẹn náà, ẹ̀rù ló gbé e sókè."

Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni.

"Ìwọ ńkọ́?" Màdáámù gbé ojú ewúrẹ́ rẹ̀ kò mí. "Pẹ́mánẹ́ǹtì ni ọ́?"

"Rárá, mà."

"Kásúà?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún, mà."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ mélòó?"

"Mo fi wọ́n kọ́ ọgbà, mà."

"Kò lẹ́sẹ̀," ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Èmi ni," ni ìyá wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ aṣọ ìnugò rẹ̀."

Màdáámù fi pátákò kan lu rẹ́jísítà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀ tí kò tíì jẹ. "Wò ó níbí. Ejò ni wọ́n kọ. Ejò kì í jẹ́rìí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́, kò tíì pẹ́ tó ìgbà tí mo jẹ ojú ìwé kan tán."

Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mi ò bínú sí i.

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi méjèèjì wọlé, láti ojú fèrèsé, ẹrẹ̀ lára bàtà wọn. Wọn ò kí mi. Wọ́n lọ dúró síwájú tábìlì.

"Ẹsẹ̀ mélòó?" ni Màdáámù bi wọ́n.

"Méjì," ni wọ́n dáhùn.

"Ó pé. Pẹ́mánẹ́ǹtì."

Òǹtẹ̀ fò sókè, ó lù wọ́n lórí orúnkún. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n yí padà, wọ́n gba ilé ìgò lọ, torí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń wò wọ́n. Mo ní, ó kúkú dára, ìdílé mi á rí nǹkan jẹ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ gba inú ihò wa jáde. Àwọn ọmọ inú àbàtà. Wọ́n funfun, wọ́n tín-ín-rín, láti ọdún mọ́kàndínlógún, wọn ò fi ìwọ̀n èékánná kan gùn sí i. Wọ́n lọ bá ìyá wọn ní ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n fi ẹnu kàn án. Wọ́n tún fi ẹnu kàn án.

"Kò ṣeé jẹ mọ́," ni ìyá wí. "Sípíríìtì ti sọ ọ́ di awọ bàtà. Jìmọ̀, ò ń bù ú sí mi dáadáa."

Àwọn ọmọ náà yí orí. Wọ́n gbọ́ òórùn mi. Mi ò lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ tí mo wà ti sọ ara mi di tútù. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé èmi kọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá. Kò dùn mí. Ó ń dún bí ìgbà téèyàn ń ya ìwé àlẹ̀mọ́ lára ìgò. Ọ̀kan nínú wọn ní ohùn Mùtíà, àkọ́bí mi. Ó ní, "Bàbá, bàtà mi ti já." Òmíràn ní ohùn ọmọbìnrin mi. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ò tíì jẹun."

"Ẹ rọra," ni mo wí fún wọn. "Ẹ má jà. Ó máa kárí. Òmíràn á tún hù."

Mo wo apá mi. Òmíràn kò hù.

Màdáámù gbé òǹtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti bó. Mo kà á. "Dúró ná." Ó ní kí wọ́n gbé mi lọ sí pẹpẹ ìsàlẹ̀.

"Títí di ìgbà wo, mà?"

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ló dáhùn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé mi sínú ìgò, wọ́n bu sípíríìtì sí mi títí dé àgbọ̀n. Mo wòkè, mo rí ìyá lórí pẹpẹ ejò, ní ààyè rẹ̀ àtijọ́, oká sì ti ń rẹ́rìn-ín. Níwájú mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń nu ìgò mi, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n há aṣọ ìnugò sáàrin ọmọ ìka. Wọn ò nù ún dáadáa. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ìdí ìgò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Mo la ẹnu, sípíríìtì sì wọ̀ ọ́.

Mo ta jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára, orí wọn ni mo sùn lé. Mo fọwọ́ wá wọn kiri, mo rí méjèèjì. Bí mo ṣe fẹ́ dìde ni ìyàwó mi, Ìyá Mùtíà, pariwo.

"Bàbá Mùtíà, ẹ dúró ná! Kí ló lẹ̀ mọ́ yín lápá yìí?"

Ìwé àlẹ̀mọ́ ni, ọ̀kan nínú ogójì yẹn. Ó fà á ya. Awọ bá a jáde, pẹlẹbẹ kan, funfun, torí ó ti pẹ́ tí sípíríìtì ti ń bó mi lápá. Ó jù ú sílẹ̀. Sàfúrà, ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ í gbé, tó ń fi àyà wọ́ kiri ilé, ó wọ́ dé ibẹ̀. Ó mú un, ó fi sẹ́nu.

"Ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀!" ni ìyàwó mi wí. "Ẹ ò rí i ni? Ó ń jẹ ẹ́!"

Mo rí i. Mi ò gbà á.

Kí n tó wá tò síbí, mo yà sí ilé ìgò. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n á fi sọ pé kí n gbé e sílẹ̀. Mo gbé ìyá yẹn kúrò láàrin ejò. Mo gbé e sáàrin kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré, mo ya ìwé àtijọ́ lára ìgò rẹ̀, mo kọ tuntun: "Ẹbí ọ̀pọ̀lọ́." Mi ò ní lẹ́tà. Ìkọ̀wé náà kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á bi mí. Mo mọ ohun tí màá dáhùn. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń kà á lábẹ́ ahọ́n mi, àní bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ dúró. Ilẹ̀kùn ń ṣí. Ìyá Ìdáyàtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ojú mi ò ríran dé ọ̀hún dáadáa. Ẹni tó ń jáde bọ̀ yẹn, ṣé ó ní irùngbọ̀n?